Búùtù àbí ráàkì, ilẹ̀ àbí ẹ̀yìn: ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ máa gbé ẹ̀rọ paramotor láìfarapa

Bí èèyàn bá fẹ́ ra paramotor, ohun tó kọ́kọ́ máa ń bèèrè ni bó ṣe lágbára tó àti iye tí wọ́n ń tà á. Mo rọ ẹnikẹ́ni tó bá ń ka èyí pé kó fi ìbéèrè mìíràn ṣáájú méjèèjì: nígbà tí ẹ́ńjìnnì yìí bá tàn, níbo ni ọwọ́ mi máa wà? Látorí bí a ṣe ń kó o sínú mọ́tò títí dórí bí a ṣe ń tan án, ìbéèrè yẹn ni mo fi wọn gbogbo ọ̀nà tí mo fẹ́ fi wéra níhìn-ín.

Fún ẹni tí kò tíì rí i rí, paramotor ni ẹ́ńjìnnì kékeré tí a ń gbé kọ́ ẹ̀yìn, tó ní abẹ̀bẹ̀ gígùn kan lẹ́yìn, tí kéèjì róbótó sì yí abẹ̀bẹ̀ náà ká. Ẹni tó fẹ́ fò á tẹ́ ìyẹ́ aṣọ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn, á sáré, abẹ̀bẹ̀ á máa tì í, ìyẹ́ á sì gbé e kúrò nílẹ̀. Ní 1980 ni Mike Byrne, ọmọ Ìlú Ọba, so ẹ́ńjìnnì mọ́ páráṣúùtù tó fi fò, òun náà ló sì pè é ní paramotor. Títí dòní, òfin Ìlú Ọba kò béèrè láísẹ́ǹsì awakọ̀ òfurufú lọ́wọ́ ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sáré gbéra, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn òfin ojú òfurufú dè é. Ní Amẹ́ríkà náà, òfin tí wọ́n ń pè ní Part 103, tó ti wà láti 1982, kò béèrè láísẹ́ǹsì, bí ẹ̀rọ náà kò bá ti wúwo tó kílò 115, tí táńkì rẹ̀ kò gbà ju nǹkan bíi lítà 19 lọ. Ìyẹn ni pé kò sí olùdánwò kankan tó máa dúró tì yín ní pápá láti sọ pé bí ẹ ṣe di ẹ̀rọ yẹn mú kò dáa. Nítorí náà, ẹ lọ kọ́ ọ lọ́wọ́ olùkọ́ tó mọṣẹ́, kí ẹ má kọ́ ọ lórí fídíò.

Abẹ̀bẹ̀ tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 125, tó ń yí ìgbà 2,700 láàárín ìṣẹ́jú kan, etí rẹ̀ ń sáré ju 600 kìlómítà láàárín wákàtí kan lọ. Ẹ́ńjìnnì bíi Moster 185 tí Vittorazi ń ṣe ní Ítálì lè fi irú abẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀ tì pẹ̀lú agbára tó tó kílò 70, bẹ́ẹ̀ sì ni odindi ẹ̀rọ náà láìsí epo nínú rẹ̀ kì í sábà ju kílò 25 sí 28 lọ. Ẹ̀rọ tó ń tì ju ìlọ́po méjì ìwúwo ara rẹ̀ lọ, kò sí alágbára tó lè fi ọwọ́ kan dá a dúró. Àwọn olùṣèwádìí méjì, Francesco Feletti àti Jeff Goin, yẹ ìjàm̀bá paramotor 384 wò, èyí tí àwọn èèyàn fi sùn láàárín 1995 sí 2012, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2014. Apá àti ọwọ́ ló fara gbá jù nínú gbogbo ara, nǹkan bíi 44 nínú ọgọ́rùn-ún. Ohun tó sì ń bá ọwọ́ jà nínú ọ̀rọ̀ yìí ni abẹ̀bẹ̀ tó ń yí, nígbà tí ẹsẹ̀ ẹni ṣì wà nílẹ̀.

Bí a ṣe ń gbé e dé pápá

Ọ̀nà mẹ́ta ló wọ́pọ̀: inú búùtù, inú ọkọ̀ fáànù, àti orí ráàkì tí a so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀.

Inú búùtù dára nítorí òjò àti olè. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ tú kéèjì sí wẹ́wẹ́, kí ẹ sì tún un tò ní pápá, ìgbàkígbà tí a bá sì ń tò ó la lè gbàgbé ìdè kan. Kéèjì tí ìdè rẹ̀ kò fún lè tẹ̀ wọlé bá abẹ̀bẹ̀ nígbà tí okùn ìyẹ́ bá fà á. Ìṣòro kejì ni èéfín pẹtiróòlù. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà ilẹ̀ ọkọ̀ ló máa ń rọra kó jọ sí, ó ń fa orí fífọ́, iná kékeré kan sì ti tó láti mú kó gbiná. Ẹ da epo inú táńkì padà sínú kẹ́ẹ̀gì tó ní ìdérí tó dára kí ẹ tó gbé ẹ̀rọ wọlé, kí sàlẹ́ńsà sì ti tutù pátápátá. Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í kà sí ni bí ẹ̀rọ ṣe dùbúlẹ̀. Bí epo bá wà nínú rẹ̀, tí a wá fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, epo á gba ihò atẹ́gùn táńkì jò, á sì kún kabúrétọ̀. Ẹ ó dé pápá, ẹ́ńjìnnì kò ní fẹ́ tàn, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà á pẹ̀lú ìbínú. Ibi tí ọwọ́ ti ń ṣìnà nìyẹn.

Ráàkì ẹ̀yìn ọkọ̀ kò ní wàhálà èéfín, kéèjì á sì wà ní títò. Àǹfààní rẹ̀ tó ga jù lójú tèmi ni pé ó ń gbé ẹ̀rọ sí ibi gíga: ẹ lè fi ẹ̀yìn wọ inú bẹ́líìtì rẹ̀ lórí ìdúró, láìkúnlẹ̀. Àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ fi aṣọ tàbí okùn rírọ̀ de abẹ̀bẹ̀ mọ́ ara ẹ̀rọ, torí afẹ́fẹ́ títì márosẹ̀ lè máa yí i ní gbogbo ọ̀nà. Ẹ bo ẹnu ibi tí kabúrétọ̀ ti ń mí kí omi òjò àti iyanrìn má wọ̀ ọ́. Orí irin gbòǹgbò ẹ̀rọ ni kí ẹ ti so okùn, kì í ṣe orí kéèjì, torí kéèjì kò ní agbára ẹrù. Ẹ wo ìwúwo tí ìkọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ yín lè gbé kí ẹ tó ra ráàkì. Ní Ìlú Ọba, bí ẹ̀rọ bá bo nọ́ńbà tàbí iná ẹ̀yìn ọkọ̀, ẹ gbọ́dọ̀ gbé pátákó iná àti nọ́ńbà mìíràn sí ẹ̀yìn rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọlọ́pàá á dá yín dúró.

Fáànù ló dára jù bí owó bá wà. Ẹ̀rọ á dúró ṣánṣán, ẹ ó dè é mọ́ ògiri ọkọ̀, kò sí títú kò sí títò. Ẹni tí kò ní fáànù tí pápá rẹ̀ kò jìnnà, ráàkì ni kó lò. Ẹni tó ń rìn jìnnà lójú ọ̀nà márosẹ̀ tàbí tó ń sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì lójú ọ̀nà, kó fara da títú kéèjì, kó kó o sí búùtù.

Èyí ó wù kó jẹ́, bí ẹ̀rọ yín bá ń fi bọ́tìnnì tàn, ẹ yọ wáyà bátìrì rẹ̀ kí ẹ tó gbé e sọ́kọ̀. Àpò tó fi ara ti bọ́tìnnì kò mọ̀ pé inú mọ́tò la wà.

Kílò tí ẹ̀yìn yín lè gbé

Ẹ́ńjìnnì kékeré bíi Atom 80, ti Vittorazi kan náà, máa ń mú kí odindi ẹ̀rọ wà ní nǹkan bíi kílò 20. Moster 185 fi bíi kílò 5 sí 8 jù ú lọ. Àwọn ẹ́ńjìnnì tó ní ọ́ìlì tirẹ̀ lọ́tọ̀ bíi ti mọ́tò, irú èyí tí Bailey ṣe ní Ìlú Ọba, tún wúwo díẹ̀ sí i. Àǹfààní tiwọn ni pé wọn kì í jẹ epo púpọ̀, ariwo wọn rọ̀, ẹ kò sì ní máa po ọ́ìlì mọ́ epo. Ẹ wá fi epo kún un. Lítà 10 pẹtiróòlù wọn nǹkan bíi kílò 7 àti ààbọ̀.

Àwọn èèyàn máa ń sọ pé kí a ra èyí tó lágbára jù kí a má baà kábàámọ̀. Mi ò fara mọ́ ọn. Ẹni tó wọn kílò 65 tó gbé Moster tí epo kún inú rẹ̀ ti gbé ju ìdajì ìwúwo ara rẹ̀ lọ, tí ó bá ka ìyẹ́ àti akoto mọ́ ọn. Ó ti rẹ̀ ẹ́ kó tó tan ẹ́ńjìnnì, ẹni tó bá sì ti rẹ̀ ni ó máa sọ pé òun á kàn tan án nílẹ̀ kó tó gbé e. Ẹ wo bí ìwúwo ṣe ń ti ọwọ́ lọ síbi tí kò yẹ kó dé. Fún ẹni tó fúyẹ́, Atom 80 tó; agbára rẹ̀ kéré lóòótọ́, gígun òkè rẹ̀ sì lọ́ra, ṣùgbọ́n ẹ ó máa gbé e kọ́ ẹ̀yìn láìronú. Ẹni tó wọn kílò 90 sókè ni Moster yẹ fún ní tòótọ́, tàbí ẹni tó ń fò níbi tí ilẹ̀ ti ga tí afẹ́fẹ́ sì fẹ́lẹ́.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí olùtajà bu epo kún táńkì. Ẹ gbé e kọ́ ẹ̀yìn, ẹ kúnlẹ̀, ẹ dìde láìfi ọwọ́ tilẹ̀. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ̀rọ yẹn kì í ṣe tiyín. Ẹni tí orúnkún ń dùn lè ra kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a ń so ẹ̀rọ mọ́, ṣùgbọ́n kó jókòó sórí rẹ̀ kó tó tan ẹ́ńjìnnì. Kẹ̀kẹ́ tí kò sẹ́ni lórí rẹ̀ lè sáré fúnra rẹ̀.

Láti ilẹ̀ dé ẹ̀yìn

Gbígbé e láti ilẹ̀: ẹ jókòó síwájú ẹ̀rọ, ẹ wọ bẹ́líìtì èjìká, ẹ de ti ẹsẹ̀ àti ti àyà, ẹ yí sórí orúnkún àti ọwọ́, kí ẹ wá dìde pẹ̀lú agbára itan. Ó ń pa ẹ̀yìn lára bí a bá kánjú, koríko tútù sì lè yọ̀. Gbígbé e láti orí ráàkì tàbí etí búùtù rọrùn púpọ̀, àmọ́ ẹ rí i dájú pé abẹ̀bẹ̀ kò fi ara kan ọkọ̀ nígbà tí ẹ bá ń yí padà. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì kò tíì tàn nínú ọ̀nà méjèèjì, mi ò rí ìdí kankan tó lè yí ìyẹn padà. Bí ẹni méjì bá ń gbé e, irin tó gbé ẹ́ńjìnnì ni kí wọ́n dì mú, kì í ṣe àwọ̀n, kì í sì í ṣe etí kéèjì.

Títan án: nílẹ̀ tàbí lẹ́yìn?

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ kọ́kọ́ wò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn:

| Ọ̀nà | Ibi tí ọwọ́ wà | Bí ẹ́ńjìnnì bá sáré sókè lójijì | Ìdájọ́ mi |
|---|---|---|---|
| Nílẹ̀, okùn fífà | Ọ̀kan ń fa okùn, ọ̀kan di irin mú | Ẹ̀rọ á fò lu ẹni tó di í mú, ọwọ́ á fẹ́ gbá etí kéèjì mú | Èyí ló burú jù |
| Nílẹ̀, bọ́tìnnì | Ọ̀kan lórí bọ́tìnnì, ọ̀kan lómìnira | Bákan náà, àmọ́ ara yín dúró dáadáa | Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn |
| Lẹ́yìn, okùn fífà | Méjèèjì wà níwájú abẹ̀bẹ̀ | Á tì yín síwájú, ẹ lè ṣubú | Ó dára |
| Lẹ́yìn, bọ́tìnnì | Méjèèjì wà níwájú abẹ̀bẹ̀ | Bákan náà | Èyí ló dára jù |

Kí ló dé tí àwọn èèyàn ṣì ń tan án nílẹ̀? Òtútù òwúrọ̀ ni. Ẹ́ńjìnnì á kọ̀, wọn á fà á títí, wọn ò sì fẹ́ gbé kílò 30 kọ́ ẹ̀yìn títí tó fi máa gbóná. Ẹni tó bá sì dàgbà nílé tí wọ́n ti ń fa okùn jẹnẹrétọ̀ "I better pass my neighbour" ní gbogbo alẹ́ á rò pé iṣẹ́ tí òun mọ̀ ni. Ẹ́ńjìnnì méjèèjì ń jẹ epo tí a po ọ́ìlì mọ́, okùn wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, òórùn wọn dọ́gba. Ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ tó bá ké lójijì á dúró síbi tó wà, á máa gbọ̀n. Paramotor tó bá ké lójijì á tọ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ síwájú rẹ̀ lọ, ohun àkọ́kọ́ tí ara ọmọ èèyàn sì máa ń ṣe ni kó na ọwọ́ sí i láti dá a dúró.

Kí ló ń mú kó ké lójijì? Nígbà mìíràn wáyà tọ́rótù, ìyẹn ohun tí a ń fi ọwọ́ tẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì lè sáré sí i, ti há sábẹ́ bẹ́líìtì tàbí lára irin. Nígbà mìíràn ẹni náà ti ṣí tọ́rótù díẹ̀ torí pé ẹ́ńjìnnì kọ̀, ó sì gbàgbé. Nígbà mìíràn ó di tọ́rótù mú lọ́wọ́ kan náà tó fi di irin mú, bí ẹ̀rọ ṣe mì, ó fún un pọ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó fa ohunkóhun, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ kabúrétọ̀. Apá irin kékeré kan wà níbẹ̀ tí wáyà tọ́rótù so mọ́. Ẹ tẹ tọ́rótù dé òpin, kí ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Apá irin náà gbọ́dọ̀ padà dé ìdí, kó fi orí kan sírúù tó ń dá a dúró, ẹ ó sì gbọ́ "tá" kékeré kan. Bí ẹ kò bá gbọ́ "tá" yẹn, tàbí ó padà pẹ̀lú ìlọ́ra, ẹ má tan án. Ẹ wá ibi tí wáyà ti há. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé e kọ́ ẹ̀yìn tán, ẹ tún tẹ̀ ẹ́ kí ẹ fetí sílẹ̀, torí bẹ́líìtì èjìká lè fa wáyà nígbà tí ẹ bá ń dìde.

Kúlọ́ọ̀ṣì, ohun tó ń so ẹ́ńjìnnì mọ́ abẹ̀bẹ̀ tó sì lè tú u, ń ṣèrànwọ́. Ẹ̀rọ tó ní i, bíi àwọn Thor tí Polini ń ṣe, abẹ̀bẹ̀ wọn kì í yí nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré jẹ́jẹ́. Àwọn Moster kan ní i, àwọn mìíràn kò ní, ẹ bi olùtajà kí ẹ tó sanwó. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, èyí tó ní kúlọ́ọ̀ṣì ni mo máa ní kó rà. Síbẹ̀, bí tọ́rótù bá ṣí dé òpin, kúlọ́ọ̀ṣì á gbá abẹ̀bẹ̀ mú lójú ẹsẹ̀, kò ní bi yín léèrè. Ìdí nìyẹn tí inú mi fi dùn sí ohun tí iléeṣẹ́ Scout ṣe sórí ẹ̀rọ paramotor wọn, tí wọ́n pè ní SafeStart: bí ẹ́ńjìnnì bá sáré kọjá ìwọ̀n bó ṣe ń tàn, á pa á fúnra rẹ̀. Bí owó yín bá ká a, ẹ rà á.

Okùn tó ní sípíríǹgì nínú ń jẹ́ kí ẹ fà á jẹ́jẹ́ láti ẹ̀yìn, kò gba agbára, nítorí náà kò pọn dandan kí ẹ ra bọ́tìnnì kí ẹ tó lè máa tan ẹ̀rọ lẹ́yìn. Bọ́tìnnì ń fi bátìrì kún ìwúwo, bátìrì náà sì lè kú. Mo mọ̀ pé bọ́tìnnì ló rọrùn, ṣùgbọ́n okùn tó dára kò burú.

Bí ó bá di dandan kí ẹ tan án nílẹ̀, ẹ fi okùn líle dè é mọ́ nǹkan tí kò lè yẹ̀, kí ẹ wà níwájú rẹ̀ níbi ìjókòó, kí àtàǹpàkò yín wà lórí bọ́tìnnì tó ń pa ẹ́ńjìnnì, kí ọwọ́ kankan má sì kọjá sẹ́yìn irin. Ẹ dán bọ́tìnnì ìpa yẹn wò nípa fífi í pa ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn gbogbo fífò, kí ẹ lè mọ ọjọ́ tó bá bàjẹ́.

Ẹni tó fẹ́ ràn yín lọ́wọ́

A kì í wo ẹ̀gbọ́n wa níran kó máa gbé ẹrù. Àbúrò tó rí i pé kílò 30 wà lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n, tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ nínú koríko, á sáré wá gbà á láti ẹ̀yìn. Ìwà rere ni, ṣùgbọ́n nínú pápá yìí, ẹ̀yìn ni abẹ̀bẹ̀ wà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n bá yín gbé e."

"O ṣeun, àbúrò. Mo fẹ́ tan án. Dúró síwájú mi níbẹ̀ yẹn, kí n máa rí ẹ. Má bọ̀ lẹ́yìn títí n ó fi pa á."

Ẹ sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn kí ẹ tó tan án, torí tó bá ti tàn tán, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ yín. Ẹ wò yí ká, ẹ ké "Ẹ yàgò o!", ẹ dúró kí ẹ gbọ́ ìdáhùn, kí ẹ tó fa okùn. Olùrànlọ́wọ́ lè bá yín di irin tó gbé ẹ́ńjìnnì mú nígbà tí ẹ bá ń dìde, kó sì kúrò. Títan ẹ́ńjìnnì fún yín kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀rọ oníbátìrì

Kò sí epo, kò sí okùn, kò sí sàlẹ́ńsà gbígbóná, ẹ sì lè gbé e sí búùtù láìgbọ́ òórùn. Ẹni tó ń gbé fúláàtì máa fẹ́ràn rẹ̀. Ewu tirẹ̀ ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ẹ́ńjìnnì epo á kìlọ̀ fún yín pé òun wà láyè. Oníbátìrì tí a ti ṣí á kàn dákẹ́ síbẹ̀, tí ìka bá sì kan tọ́rótù, abẹ̀bẹ̀ ti ń yí. Lójú tèmi, kí bátìrì má wọ inú ẹ̀rọ títí tí ẹ fi máa gbé e kọ́ ẹ̀yìn, kí ó sì jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó tú bí ẹ bá ti balẹ̀. Àkókò tó ń lò lófurufú kò tíì tó ti epo.

Kéèjì kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ na ọwọ́ sí i nígbà tí ẹ̀rọ ti kú, kí ẹ tẹ àwọ̀n náà. Bí ìka yín bá lè dé ọ̀nà abẹ̀bẹ̀, kéèjì yẹn wà fún okùn ìyẹ́ nìkan, kò wà fún yín. Ẹ wá èyí tó ní òrùka irin kejì nínú, tó ń dá àtẹ́lẹwọ́ dúró kó tó dé ibi tí abẹ̀bẹ̀ wà.

Bí ẹ bá fẹ́ gbé e sọdá òkun

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa ní Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà máa ronú pé àwọn á gbé e relé. Bátìrì ẹ̀rọ oníbátìrì ju 160 Wh (ìwọ̀n agbára iná tí bátìrì ń gbà) tí ọkọ̀ òfurufú èrò ń gbà lọ fíìfíì, nítorí náà kò lè bá yín wọ inú ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì tí pẹtiróòlù ti wọ̀ rí, ẹrù eléwu ni wọ́n ń kà á sí torí èéfín tó kù nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú kì í sì í gbà á bí ẹrù èrò. Ìyẹ́, akoto àti bẹ́líìtì lè bá yín lọ. Ẹ́ńjìnnì á gba ọ̀nà omi. Ẹ tú táńkì, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi sílẹ̀ ní ṣíṣí nínú oòrùn títí òórùn á fi lọ, ẹ da epo inú kabúrétọ̀ nù, ẹ yọ abẹ̀bẹ̀, kí ẹ fi aṣọ wé e lọ́tọ̀. Kí ẹ tó fò ní Nàìjíríà, ẹ lọ bèèrè lọ́wọ́ NCAA, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfurufú níbẹ̀, ohun tí wọ́n ń fẹ́, kí ẹ gba ìwé wọn sọ́wọ́ kí ẹ́ńjìnnì tó kúrò ní èbúté.